Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Dókítà Ìdílé Béèrè Bí Aláìsàn Ṣe Ń Lo Ara Rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn dókítà tuntun àti àwọn nọ́ọ̀sì GOPD (ẹ̀ka tí a ti ń rí aláìsàn tí kò gba ìbùsùn): "Ṣé gbogbo ẹni tó bá wọlé ni ká máa bi léèrè bóyá ó ń rìn tàbí ó ń ṣiṣẹ́ agbára? Èrò pọ̀ níta, àkókò kò sí." Òótọ́ ni. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, bóyá OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ (OAU), ní Ifẹ̀ lẹ wà ni o, bóyá Wesley Guild ní Iléṣà ni, tàbí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Sábó, ẹ mọ bí èrò ṣe máa ń tò. Ẹni tó bá ní kí ẹ bi gbogbo wọn ní ìbéèrè mẹ́rìndínlógún kò tíì jókòó sórí àga yín rí.

Àwọn kan sì wà tí wọn kì í béèrè àfi bí ẹni tó wọlé bá sanra. Èyí náà kò dáa. Ẹni tín-ín-rín tó ń jókòó láti àárọ̀ dé alẹ́ á gba oògùn rẹ̀, á lọ sílé, kò sì ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun rárá. Bí ẹ ṣe máa yan ọjọ́ àti ẹni tí ẹ máa bi, tí ẹ ó sì parí rẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú kan, ló wà nísàlẹ̀ yìí.

## Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín

Kí ẹ tó la ẹnu, ẹ rò ó: "Bí ẹni yìí bá sọ pé òun kì í rìn rárá, kí ni màá ṣe lónìí? Bí ó bá sọ pé ojoojúmọ́ lòun ń roko ńkọ́?" Bí ohun tí ẹ máa ṣe bá jẹ́ ọ̀kan náà lọ́nà méjèèjì, ẹ fi ìbéèrè náà sílẹ̀. Bí ó bá yàtọ̀, ẹ béèrè, bí èrò tilẹ̀ tò dé ẹnu géètì.

Ẹ wo ọkùnrin ẹni ọdún 52 tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 148/92 nígbà kejì tí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ akọ̀wé tí ọ̀kadà ń gbé lọ gbé bọ̀, ìrìn gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí ẹ máa kọ fún un. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń fi àdá ṣán oko kòkó lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ẹ kàn ń fi àkókò ṣòfò ni bí ẹ bá ní kó lọ máa rìn. Iyọ̀, ọtí, oorun àti oògùn ni kí ẹ gbájú mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ gbóná, tí àyẹ̀wò sì fi ibà hàn, bó ń sáré o, bó ń jókòó o, oògùn ibà kan náà ló máa gbà lọ sílé.

## Ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, ìtọ́jú rẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn:

- àyà ń dùn ún, tàbí kò lè mí dáadáa nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́;
- ó dákú láìpẹ́ yìí;
- ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 180/110 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ;
- ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó 70 mg/dl, tàbí ó ju 250 lọ tí ketone (èròjà tó ń jáde nígbà tí ara bá ń jó ọ̀rá dípò ṣúgà) sì wà nínú ìtọ̀;
- ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú, ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ sì ń dùn ún;
- ibà, ìgbẹ́ gbuuru, èébì, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà;
- ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́ láìpẹ́.

Ìfúnpá tó ga gan-an ló máa ń tan àwọn dókítà tuntun jẹ. Wọ́n á rí 190/115, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìwàásù lórí ìrìn lójú ẹsẹ̀. Bí èèyàn bá ń lo agbára, nọ́ńbà òkè ìfúnpá máa ń ròkè sí i nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí oògùn kọ́kọ́ mú un wálẹ̀. Kí ẹ wá kọ ọ́ sórí káàdì pé: "Béèrè lílo ara nígbà tó bá padà wá." Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ó lè jẹ́ dókítà mìíràn ló máa rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sì ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹ́kù.

## Ọjọ́ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fò ó

Ọjọ́ tí káàdì bá jẹ́ tuntun. Ẹ gba nọ́ńbà kan sílẹ̀, ìyẹn iye ìṣẹ́jú tó fi ń lo ara lọ́sẹ̀, kó lè wà fún ìfiwéra lọ́jọ́ iwájú.

Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ orúkọ àìsàn fún un: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn tí kò lágbára mọ́, tàbí rọpárọsẹ̀ tó ti rọlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, etí rẹ̀ ṣí.

Kí ẹ tó fi oògùn kún oògùn. Èyí ni a máa ń fò jù. Kí ẹ tó kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kẹta, ẹ béèrè bóyá ó ń lo méjì àkọ́kọ́, kí ẹ sì béèrè bí ó ṣe ń lo ara. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lo glibenclamide tàbí insulin, tó jókòó sílé láti oṣù mélòó kan, tó wá padà sóko lójijì, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí yóò fi ṣubú sábẹ́ igi kòkó. Bí ẹ bá ti fi oògùn kún un torí nọ́ńbà ìgbà tó ń jókòó, ẹ̀yin lẹ ti ì sí i.

Nígbà tí ayé rẹ̀ bá yí padà. Aláìsàn kì í sọ èyí fúnra rẹ̀, torí kò kà á sí ọ̀rọ̀ dókítà. Olùkọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìṣọ̀kun lọ sílé ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ fẹ̀yìn tì: ìrìn tó ti wà lára rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ parí lọ́jọ́ kan, ọ̀sán rẹ̀ sì di ti àga àti tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ra mọ́tò fún bàbá. Ìyá tó ń kiri ọjà tẹ́lẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ OAU tó ń gun òkè nínú ọgbà kó lọ síta, bọ́ọ̀sì ló wá ń gbé e dé ẹnu kíláàsì. Ẹlòmíràn bímọ, òmíràn kán lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbọ́ "mo ti fẹ̀yìn tì", "a ti kó", tàbí "mi ò ta ọjà mọ́", ẹ béèrè lọ́jọ́ náà gan-an, ohun yòówù tí ó tìtorí rẹ̀ wá.

Orúnkún, ẹ̀yìn dídùn, àìróorunsùn, ìbànújẹ́ tí kò lọ. Nínú gbogbo wọn, lílo ara wà lára ìtọ́jú, kì í ṣe àfikún lásán. Ọ̀pọ̀ ẹni tí orúnkún ń dùn ti dá ìrìn dúró torí ẹnì kan sọ fún wọn pé "ẹ máa sinmi". Ẹran itan á wá rọ, orúnkún á sì tún máa dùn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Alábọyún nígbà àkọ́kọ́ tó wá forúkọ sílẹ̀, àti ẹni tó ti lé ní ọdún 65. Fún àgbàlagbà, ẹ fi kún un pé: "Ṣé ẹ ti ṣubú rí láti bí ọdún kan sẹ́yìn?" Bí ó bá ti ṣubú, ọ̀rọ̀ ìdúróṣinṣin ẹsẹ̀ ló ṣáájú ọ̀rọ̀ ìrìn gígùn.

Kí a tó gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ tí a ti dá ọjọ́ fún. Ẹ béèrè bóyá ó lè gun àtẹ̀gùn lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí kó gun òkè láìdúró sinmi. Ó wúlò fún ẹni tó máa fún un ní oògùn oorun.

Ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti olùtọ̀-ṣúgà, bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́ta. Ẹni tí ẹ bá fún ní ìlànà ìrìn, kí ó má ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ kí ẹ tó tún béèrè. Kì í ṣe òfin. A kàn fi bá ọjọ́ tí wọ́n ń wá gba oògùn mu ni, kó má bàa di ìrìn-àjò mìíràn sí wọn lọ́rùn.

## Bí ẹ ṣe máa béèrè

1. Ẹ fi í sí tébù nọ́ọ̀sì. Níbi tí wọ́n ti ń wọn ìfúnpá àti ìwúwo ni kí wọ́n ti béèrè, kí nọ́ńbà ti wà lórí káàdì kí aláìsàn tó wọlé sí yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nígbà tí ìfúnpá ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ sísọ máa ń gbé e ga.

2. Ìbéèrè kìíní: "Màmá, nínú ọ̀sẹ̀ kan tó rí bí ó ṣe máa ń rí, ọjọ́ mélòó lẹ máa ń rìn kíákíá tàbí ṣiṣẹ́ tó ń mú èémí yín yára?"

3. Ìbéèrè kejì: "Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, tó ìṣẹ́jú mélòó?" Bí wọn kò bá mọ ìṣẹ́jú, ẹ lo ibi tí wọ́n mọ̀: "Láti ilé yín dé ibo? Ìgbà wo lẹ jáde, ìgbà wo lẹ débẹ̀?"

4. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀. Ọjọ́ 5 lọ́nà ìṣẹ́jú 30 jẹ́ 150. Ọjọ́ 3 lọ́nà 20 jẹ́ 60. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2020, ní kí àgbàlagbà ní ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ ìwọ̀nba, tàbí 75 sí 150 fún iṣẹ́ agbára gan-an. Nítorí náà, ìṣẹ́jú kan ti iṣẹ́ agbára, ẹ kà á sí méjì.

5. Ẹ yẹ agbára rẹ̀ wò. "Nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, ṣé ẹ lè bá èèyàn sọ̀rọ̀? Ṣé ẹ lè kọrin?" Ó lè sọ̀rọ̀ àmọ́ kò lè kọrin: ìwọ̀nba nìyẹn. Kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ mélòó kan kó tó sinmi mí: iṣẹ́ agbára. Ó ń kọrin geere: ẹ má kà á mọ́ ọn.

6. Bí àyè bá wà, ẹ fi méjì kún un: ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ló ń ṣe ohun tó ń mú iṣan le, bíi gbígbé ẹrù, gígún iyán tàbí fífa omi kànga (ọjọ́ méjì ni ó kéré tán), àti wákàtí mélòó ló ń jókòó lóòjọ́.

Ẹ yẹra fún "Ṣé ẹ máa ń ṣe eré ìdárayá?" Màmá ẹni ọdún 60 á rẹ́rìn-ín, á ní òun kì í ṣe ọmọ bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ó sì ru iṣu wọ ọjà láàárọ̀ yẹn.

## Fọ́ọ̀mù tó gùn ńkọ́?

Ìbéèrè méjì òkè yẹn tó fún GOPD. Fọ́ọ̀mù GPAQ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìbéèrè 16. Ó ya iṣẹ́, ìrìn lọ ìrìn bọ̀, àti fàájì sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi bá àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ mu. Ẹ lò ó bí ẹ bá ń ṣe ìwádìí, tàbí bí ìdáhùn bá rú yín lójú. IPAQ kékeré, fọ́ọ̀mù mìíràn lórí lílo ara, ní ìbéèrè 7, lórí ọjọ́ méje tó kọjá.

GPPAQ, fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ó béèrè nípa ìrìn àti iṣẹ́ ilé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kà wọ́n mọ́ èsì tó ń gbé jáde. Lójú tiwa, kò yẹ àdúgbò tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe gbogbo nǹkan.

## Ohun tó máa ń ba ìdáhùn jẹ́

Àsìkò oko. Àgbẹ̀ kòkó tí ẹ bá bi ní oṣù kọkànlá, nígbà ìkórè, kì í ṣe ẹni kan náà tí ẹ máa bi ní oṣù kejì. Ẹ kọ oṣù mọ́ nọ́ńbà náà. Bí ó ṣe ń rí nígbà ìkórè àti bí ó ṣe ń rí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ ọdún. Bí ẹ bá béèrè "ọ̀sẹ̀ tó kọjá" lẹ́yìn Ọlọ́jọ́ ní Ifẹ̀ tàbí Ìwúde ní Iléṣà, ìlù àti ijó lẹ máa wọ̀n. Nígbà ààwẹ̀, òdìkejì lẹ máa rí.

"Gbogbo ọjọ́ ni mo ń rìn." Ìdáhùn àwọn ìyá ọjà nìyí, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta aṣọ ní ọjà Atákúnmọ̀sà lè wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé mẹ́fà alẹ́, kó sì jẹ́ pé orí àpótí ló wà fún èyí tó pọ̀ jù. Kí ó sọ ọjọ́ kan fún yín láti ìgbà tó jí, ẹ ó rí i.

Òkè. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò jọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń gun òkè Iléṣà pẹ̀lú ẹrù lórí. Ẹ lo ìdánwò ọ̀rọ̀-àti-orin tó wà ní nọ́ńbà 5, kì í ṣe jíjìn ọ̀nà.

Ìlù ọkàn. Ẹni tó ń lo atenolol, bisoprolol tàbí propranolol (àwọn oògùn tó ń dín ìlù ọkàn kù), ọkàn rẹ̀ kì í yára bó ṣe yẹ, kódà bí ó bá ń làágùn. Bí ẹ bá fi ìlù ọkàn díwọ̀n agbára rẹ̀, ẹ ó ní kó fi kún un títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ọmọ tó ń dáhùn fún ìyá. "Mummy kì í ṣe nǹkan kan nílé o, a kì í jẹ́ kí wọ́n ṣe é." Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, kí ẹ yíjú sí màmá. (Nígbà míì, ọmọ yẹn ló nílò ìmọ̀ràn: àìjẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan kan ló ń mú ẹsẹ̀ màmá rọ.)

## Nígbà tí nọ́ńbà bá ti jáde

Òdo. Ẹ má sọ 150 fún un lónìí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó fi díẹ̀díẹ̀ pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìlànà 2020 kò béèrè mọ́ pé kí ìrìn kọ̀ọ̀kan tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a tó kà á. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí ilé aládùúgbò náà wà nínú rẹ̀.

Láàárín 1 sí 149. Ẹ wá ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹ fi kún ìyẹn. Kó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kó tó dé ibi tó ń lọ, bí ọ̀nà bá ní ẹ̀gbẹ́ tí èèyàn lè rìn.

150 sókè. Ẹ yìn ín, kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ iṣan, kí ẹ sì kọjá sí ohun mìíràn.

Kí ẹ tó jẹ́ kó lọ, ẹ wo èyí:

- Insulin tàbí glibenclamide: bí ṣúgà bá wà lábẹ́ 100 mg/dl kó tó jáde, kó jẹun ná. Kó mú ṣúgà oníhóró dání.
- Olùtọ̀-ṣúgà: ẹ bọ́ bàtà rẹ̀, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá wà tàbí tí ẹsẹ̀ bá ti kú, kó ṣe èyí tí a ń jókòó ṣe ná. Kì í ṣe sílípáàsì la fi ń rìn.
- Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS: omi ṣáájú, omi lẹ́yìn, ìsinmi léraléra, kò sí òjò, kò sí ọyẹ́ àárọ̀ kùtù.
- Alábọyún tí kò ní ìṣòro: 150 lọ́sẹ̀ náà ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, omi bá dà, tàbí òòyì bá kọ́ ọ, kó dúró, kó wá.
- Àgbàlagbà: ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ìdúróṣinṣin. Dídìde lórí àga láìfọwọ́tì ní ìgbà mẹ́wàá, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan nítòsí ògiri.
- Orúnkún tó le jù: àga náà ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó máa na ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan síwájú, kó kà dé mẹ́wàá kó tó gbé e sílẹ̀.
- Ibi ìrìn: kí wọ́n má gba etí ọ̀nà márosẹ̀ Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, pàápàá ní ìdájí. Pápá ilé ẹ̀kọ́, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tàbí inú àgbàlá ilé dára jù. Kó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tàbí lẹ́yìn márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn má bàa pa wọ́n.
- Kí gbogbo wọn mọ̀ pé bí àyà bá fún pọ̀ tàbí ìrora bá gba apá tàbí àgbọ̀n nígbà ìrìn, kí wọ́n dúró, kí wọ́n sì wá lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n má dúró de ọjọ́ tí a dá fún wọn.

## Ohun tí ẹ máa kọ sórí káàdì

"A gbà á nímọ̀ràn eré ìdárayá" kò sọ nǹkan kan fún dókítà tó ń bọ̀. Ẹ kọ nǹkan mẹ́rin: nọ́ńbà pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ohun tó ń ṣe, ohun tó ń dí i lọ́wọ́, àti ohun tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Báyìí:

*Lílo ara: 3 × 20 = 60 (oṣù kejì; ìkórè: 5 × 60). Ìrìn lọ sí ọjà. Orúnkún òsì. Fi ìṣẹ́jú 10 kún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àga × 10 lálẹ́. Béèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, nígbà tó bá wá gba oògùn.*